Ọ̀rọ̀ pálíétíìfù Kòrónà yẹn ṣì ń dùn mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ṣì ń bí mi o lórí pálíétíìfù yẹn, ìyẹn oúnjẹ àti owó ìrànwọ́ tí wọ́n ní àwọn ń pín fún aráàlú nígbà Kòrónà. Ìparí oṣù kẹta 2020 ni Buhari ní kónílé ó gbélé l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá, wọ́n ní ọjọ́ 14 ni, nígbà tó pé wọ́n tún fi 14 mìíì lé e. Àìsàn ń pààyàn lóòótọ́, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ọlọ́kadà, bíríkìlà, ìyá tó ń sun àgbàdo ní bọ́sítọ́ọ̀pù, àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí láàárọ̀ ni wọ́n fi ń se talẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?

Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ń fún tálákà ní ₦20,000, ìyẹn ₦5,000 oṣù mẹ́rin lápapọ̀, pé kí orúkọ èèyàn ṣá ti wà nínú rẹ́jísítà, ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn tálákà sí. Rẹ́jísítà wo? Èyí tí wọ́n ti ń kọ kí Kòrónà tó dé! Télọ̀ tó ń gbé yàrá kan ní Muṣin, ta ló kọ orúkọ tiẹ̀ sí i?

Ládùúgbò wa, àpò kan ni wọ́n gbé fún alága lándlọ́ọ̀dù, ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí díẹ̀ àti búrẹ́dì. Dẹ̀ríkà ni wọ́n fi wọn ìrẹsì yẹn lójú gbogbo wa, kò dé ilé kẹwàá tó fi tán, àwọn tó kù kàn ń wo ara wọn ni.

Ìgbà tó wá di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lekki, níbi tí sójà ti yìnbọn fáwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS, táwọn èèyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó, ìrẹsì, ìndómì, ṣúgà, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọ CACOVID sí i lára, ìyẹn àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó dáwó ìrànwọ́ Kòrónà, wọ́n ní kì í ṣe títà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ẹdẹ l'Ọ́ṣun. Àwọn gómìnà ní àwọn ò fi pa mọ́, pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tí àrùn bá tún padà wá ni. Ẹni tí ebi ti ń pa láti oṣù kẹrin! Ẹni tó lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, olè nìyẹn, àmọ́ ìyá tó gbé gàrí kúrò nínú oúnjẹ tí wọ́n ní tiẹ̀ ni, mi ò ní bá yín pè é lólè láéláé.

Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri kánsù, àdúgbò sí àdúgbò, pẹ̀lú iye tó kan oníkálukú. Ẹni tó bá rí orúkọ ara ẹ̀ níbẹ̀ tí nǹkan kan ò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á mọ ẹni tó máa lọ bá.