Pilates kì í ṣe eré ọ̀lẹ

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń fi Pilates, eré ìmárale tí wọ́n ń fi èémí darí, ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí wọ́n gbé orí àti ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, kí wọ́n na apá sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wá máa fì í sókè-sódò: ẹ̀ẹ̀marùn-ún bí wọ́n ṣe ń mí sínú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún bí wọ́n ṣe ń mí síta, títí yóò fi pé 100. The Hundred ni wọ́n ń pe ìyẹn, òun ni wọ́n sì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé 60, ikùn á ti máa gbọ̀n. Ẹni tó bá ṣe é tán tó ṣì ń pè é ní eré ọ̀lẹ, mo gbà fún un.

Joseph Pilates tó dá a sílẹ̀, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1883, ṣàìsàn gan-an ní kékeré. Kì í rí èémí mí dáadáa, egungun rẹ̀ kò sì lágbára. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ èémí fi gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé New York, àwọn oníjó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré tọ̀ ọ́ lọ, nítorí ara ni wọ́n fi ń jẹun.

Iṣan tí Pilates ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rí nínú dígí. Ọ̀kan wà nínú lọ́hùn-ún tó yí ikùn po bí ìgbàjá, àwọn kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ tó gbé àpò ìtọ̀ dúró. Bí wọ́n bá dẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń forí fá a. Ní 2015, àwọn Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti gbé e yẹ̀ wò, yẹ ìwádìí lórí Pilates àti ẹ̀yìn dídùn wò: ó dín ìrora kù ju kéèyàn kàn jókòó lásán lọ, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó dára ju àwọn eré ìmárale yòókù. Ìyẹn tó mi.

Ti ọkàn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń ka èémí, tó ń ṣọ́ èjìká kó má bàa gun etí, tó tún ń ṣọ́ ìbàdí kó má bàa yẹ̀, kò ráyè ro gbèsè. Bí èémí sì ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀, àyà tó ń lù kìkì á rọlẹ̀. Eré sísá kò ṣe èyí fún mi rí. Bí mo bá ń sáré, ọkàn mi á ṣì máa bá èèyàn jà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ó ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré tó ń mú kí ọkàn tètè máa lù lọ́sẹ̀. Ẹ ṣì máa rìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ̀rọ onísípíríǹgì tí wọ́n ń gbé kiri nínú fídíò kò pọn dandan, ẹní ti tó. Aláboyún àti ẹni tí egungun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí pé kíká ẹ̀yìn kò wà fún gbogbo ara. Fún ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń di èémí mú, ẹ dúró, ẹ dín iye rẹ̀ kù, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.