Ìbọn tó yẹ ilé wa ní Texas: èrò ọkàn mi

Bí wọ́n bá ti fọ́ ilé ọmọ Yorùbá kan ní Houston níbí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi bèèrè lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìbọn wo ni kí n rà sílé?" Ìdáhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Ẹni tó ní AR-15, ìbọn gígùn tó jọ ti ológun, á ní òun ni ọ̀gá. Ẹlòmíràn á ní pump action ni, ìyẹn shotgun tí wọ́n ń fọwọ́ fà kí ọta lè wọlé, pé bí olè bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lásán, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èmi náà ní ìbọn nílé, n kò sì bá ẹni tó fẹ́ rà jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé agbára ìbọn la máa ń wò, a kì í wo ilé tí ìbọn náà máa wà. Lójú tèmi, ìbọn tó yẹ ilé ọlọ́mọ ni èyí tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù lọ láàrin àwọn àgbà ilé lè lò, tí ọmọdé kò sì ní rí fọwọ́ kàn. Èyí tí kò bá ti lè ṣe méjèèjì, kì í ṣe ìbọn ilé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló yẹ kó ṣáájú, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹni tó wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ra ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ti ẹni tí físà rẹ̀ ti kọjá àkókò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní green card lè rà á. Lọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó ní láísẹ́ńsì, wọ́n á fún ẹ ní fọ́ọ̀mù 4473. Ìbéèrè nípa ipò rẹ ní orílẹ̀-èdè yìí wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ wò lọ́dọ̀ FBI. Ẹni tó bá purọ́ síbẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò bá sì tíì di ọmọ onílùú lè bá ara rẹ̀ nínú bàálù tó ń lọ sí Èkó, torí ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá ènìyàn padà sílé. Òfin Texas ti ọdún 2021, tó ní kò pọn dandan mọ́ kéèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó gbé ìbọn pélébé kiri, kò yí ìyẹn padà rárá. Ẹ má sì bá àbúrò tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé ra ìbọn lórúkọ ara yín. Mo mọ̀ pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àánú yẹn lè já sí.

Ó wá ku ìbọn fúnra rẹ̀. Ilé tí wọ́n bí ọ̀pọ̀ wa sí, búlọ́ọ̀kù ni. Ilé tí à ń gbé níbí, igi ni wọ́n nà dúró, tí wọ́n wá fi drywall, ìyẹn pátákó ẹfun tó fẹ́lẹ́, bo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá fi ìgbápá gbá a dáadáa, ó lè dá ihò sí i. Ọta 9mm, ti ìbọn pélébé, máa ń gba inú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá. Ọta AR-15 náà ń kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọta ńláńlá inú shotgun tí wọ́n ń pè ní double-aught. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ pé ọta kan wà tó lè dá adigunjalè dúró, ṣùgbọ́n tí ògiri yìí á dá dúró. Nítorí náà, kí o tó náwó sórí ohunkóhun, dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ lálẹ́, kí o wo apá ibi tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Bí ìbọn bá dún láti ibi tí o dúró sí yẹn, ibo ni ọta ń lọ?

Shotgun ni ọ̀pọ̀ ń fọkàn sí, bóyá torí pé ìbọn ọdẹ la mọ̀ láti ilé. Ó lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbà pé kò pọn dandan kéèyàn fojú sun ún, pé ọta rẹ̀ á fọ́n ká fúnra rẹ̀. Láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ìfọ́nká yẹn kò ju íǹṣì mélòó kan lọ. Ẹni tí kò bá fojú sun ún á tàsé pátápátá. Shotgun tí wọ́n ń pè ní 12 gauge máa ń ta ènìyàn léjìká gan-an. Ẹni tí ẹ̀rù sì ti bà lè má fa pump rẹ̀ dé òpin, kí ọta há sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó tún gùn: òfin àpapọ̀ ní ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde kò gbọdọ̀ kúrú ju íǹṣì 18 lọ, àfi kéèyàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà àkànṣe. Ọwọ́ méjèèjì ló sì ń gbà. Ọwọ́ wo lo máa wá fi gbé ọmọ? Èwo lo máa fi di fóònù mú láti pe 911?

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ìbọn pélébé 9mm tó mọ níwọ̀n, irú Glock 19 tó ń gba ọta 15. Orúkọ kọ́ ni mò ń wò o. Nígbà tí a lọ ra tiwa, ìyàwó mi kò lè fa ẹ̀yìn, ìyẹn irin òkè ìbọn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, lára èyí tí ọkùnrin tó ń tajà kọ́kọ́ gbé fún un. Ó fà á títí, irin yẹn kàn ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní yóò mọ́ ọn lára. Mo ní rárá, kó gbé òmíràn wá. Lálẹ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa lo ìbọn yẹn bí kì í bá ṣe òun? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gba èyíkéyìí nínú wọn lè wo revolver .38, ìbọn pélébé tí ibi ìkó-ọta rẹ̀ ń yí: kò sí ẹ̀yìn tí wọ́n ń fà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìka ń fà á le díẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ AR-15. Kì í tani bíi shotgun, ó sì rọrùn láti fojú sùn. Kò kàn lè wọ inú àpótí irin kékeré tí à ń tì pa, tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ni, ìdí tí n kò fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Àpótí yẹn gan-an ni mò ń bọ̀ wá sọ. Abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìpamọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àga. Òfin Texas lè mú ẹni tó bá fi ìbọn tó ṣeé yìn sílẹ̀ láìtì í pa, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 sì rí i gbé. Láti ọdún 2020, ìbọn ló ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà jù lọ, ó ti ṣíwájú jàǹbá ọkọ̀. Èyí tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ sì tún wà ńbẹ̀: ènìyàn 48,830 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà ní 2021, 26,328 nínú wọn ló jẹ́ pé àwọn ló pa ara wọn. Bí ọmọ rẹ bá ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, má sọ pé "ó máa lọ." Gbé ìbọn kúrò nínú ilé yẹn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iná. Àwọn màmá wa tó ń ti Nàìjíríà wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun kì í sùn bí a ṣe ń sùn. Aago mẹ́rin ìdájí, màmá ti wà ní pálọ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń wá omi gbígbóná nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò bá rí ojú ẹni tó ń rìn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà. Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gbọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kì í ṣe àfikún, ara ìbọn ni. Kí o sì pe orúkọ: "Màmá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní ti ọlọ́pàá láti rò. Ní Fort Worth, ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Atatiana Jefferson wà nílé lóru, òun àti ọmọ arábìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, jọ ń ta géèmù. Aládùúgbò rí i pé ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, ó pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá wò ó bóyá àlàáfíà ni. Ọlọ́pàá gba ẹ̀yìnkùlé, wọn ò sọ pé ọlọ́pàá làwọn. Atatiana gbọ́ ìró, ó mú ìbọn rẹ̀, ó súnmọ́ fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà yìnbọn lù ú láti ìta, ó kú. Ohun tí òfin fún un láyè láti ṣe ló ń ṣe nínú ilé. Ní 2022, ilé ẹjọ́ sọ ọlọ́pàá náà sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò jí òkú.

Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kò sí ìdí tí a fi ní láti jáde lọ wá olè kiri ilé. Kó àwọn ọmọ jọ sí yàrá kan, ti ilẹ̀kùn, pe 911. Sọ fún wọn pé ìwọ lo ni ilé, pé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ, sọ àwọ̀ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ti wọlé, gbé ìbọn sílẹ̀. Tẹlifíṣàn tí olè ń gbé lọ, jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Tú irin pẹlẹbẹ tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára férémù ilẹ̀kùn rẹ, wo ìṣó tó dè é. Kúkúrú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìfẹsẹ̀tì kan ló kù fún wọn. Fi ìṣó oníyìípo íǹṣì mẹ́ta rọ́pò wọn, kó wọ igi tó wà lẹ́yìn férémù. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Tó o bá ṣì fẹ́ ra ìbọn lẹ́yìn ìyẹn, kí tọkọtaya jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìbọn yínyìn, wọ́n ń háyà oríṣiríṣi níbẹ̀, kí ẹ dì í mú kí ẹ tó yan ọ̀kan. Ẹ di etí yín o, ìró rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Kí ẹ ra àpótí lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ra ìbọn. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù di oṣù tó ń bọ̀.