Ààbọ̀ Orí Ni Wọ́n Gẹ̀ Fún Mi Nítorí Amí Tí A Kò Tíì Rójú Rẹ̀

Ó ti sú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi àwòrán ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú tó sì di ìbọn mú ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti mú un, pé òun ni òṣèré tí yóò ṣe James Bond tuntun, amí inú fíìmù Gẹ̀ẹ́sì nì, n óò pa orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń rí i. Láàárọ̀ orúkọ kan ni, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti di mẹ́ta, ẹni tó sì fi orúkọ àárọ̀ búra ni yóò tún fi ti ìrọ̀lẹ́ búra láìtijú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àjàṣẹ́ ni, inú òkùnkùn ni mo sì jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nítorí pé láti àná tí iná ti lọ ní àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò tíì dé. Àná tí í ṣe Sátidé ni mo lọ gẹ irun nítorí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a ṣe lónìí. Ọmọkùnrin tó máa ń gẹ̀ ẹ́ fún mi mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì wúwo. Ó ti parí apá ọ̀tún, ó ti fi abẹ tọ́ ẹ̀gbẹ́ etí mi bí ẹni tó ń fa ìlà sórí ìwé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí àga padà ni fóònù rẹ̀ tó fi há ẹ̀gbẹ́ dígí dún. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kéde rẹ̀ o!” Bí ó ṣe gbé ẹ̀rọ ìgẹrun sórí tábìlì nìyẹn láìpa á. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń gbọ̀n, ó ń fà díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì, èmi nìkan ni mo sì ń wò ó.

Ọlọ́kadà kan tó ń retí kí ó kàn án fò dìde, ó ní òun ti wí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé pé Idris Elba, òṣèré nì, ni wọn yóò fi ṣe é. Ẹni tó wà nínú àwòrán náà kò fi ibì kankan jọ Idris Elba, Idris Elba fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọlọ́kadà tó ti fi ọwọ́ sọ àyà? Ẹlòmíràn ní kò lè ṣeé ṣe, pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́, ẹ̀rí-ọkàn mi kò jẹ́. Mo ní Sean Connery tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1962, ṣé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ará Scotland? Ṣé George Lazenby kò wá láti Ọsirélíà ni, tí Pierce Brosnan sì wá láti Ireland? Nínú ẹni mẹ́fà tó ti ṣe é, Roger Moore àti Daniel Craig nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ní tòótọ́. Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ kan ló wá ba tèmi jẹ́. Ó jókòó sí igun, ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, ó ní kí gbogbo wa má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé James Bond kì í ṣe orúkọ ènìyàn rárá, pé oyè ni, bí Alákétu. Bí ọ̀kan bá wàjà wọn a fi òmíràn jẹ, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè pa á nínú fíìmù ọdún 2021 kí wọ́n sì tún máa wá ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ ná! Mo ti gbọ́ àlàyé yìí tó ìgbà ogún, ojoojúmọ́ ló sì ń bí mi nínú. Mo ní bí ó bá jẹ́ oyè, ìyàwó tí Lazenby fẹ́ ní fíìmù ọdún 1969, tí wọ́n yìnbọn pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ló dé tí Roger Moore fi lọ gbé òdòdó sí ibojì obìnrin kan náà nínú fíìmù ọdún 1981? Ṣé ẹni tó bá jẹ oyè a tún máa jogún ọ̀fọ̀ ẹni tó jẹ ṣáájú ni? Olùkọ́ yìí wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣebí ọba a máa jogún olorì?”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo yí orí padà láti fún un lésì, iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ ní bèbè tábìlì.

Ìsọ̀ mẹ́ta mìíràn ni mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé, iná kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Báyìí ni mo ṣe dé fìlà lọ sí Àjàṣẹ́, mo dé e wọ mọ́tò, mo dé e jẹun, òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, àfìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà fún àdúrà. Ìyá arúgbó kan nínú àwọn àna wa wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́ ni?”

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí mo gba fóònù ọmọkùnrin náà wò dáadáa, Christopher Nolan ni ìwé ìkéde ọ̀hún pè ní olùdarí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé Denis Villeneuve ni yóò darí rẹ̀! Irọ́ tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń lọ ní ọjà ni wọ́n fi ba orí mi jẹ́. Bí ẹ ó bá purọ́, ẹ kúkú kàwé kí ẹ tó purọ́. Mẹ́gà 500 fránkì tí mo rà lọ́jọ́ Jímọ̀ sì ti tán sórí àwọn fíìmù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ìtọ́wò fíìmù tuntun, tí ó jẹ́ pé ojú òṣèré Henry Cavill láti inú fíìmù mìíràn ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ orin Bond.

N kò sì ní fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn onírọ́ lórí. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn tó ni iṣẹ́ ló ń bọ́ wọn. Amazon ra MGM, ilé-iṣẹ́ fíìmù tó ní ìpín nínú Bond, ní 2022 ní nǹkan bí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là, ní oṣù Kejì ọdún 2025, Barbara Broccoli àti Michael G. Wilson tó ń ṣe agbátẹrù àwọn fíìmù náà yọ̀ǹda àṣẹ tí ìdílé wọn ti dì mú láti ìgbà ayé bàbá. Wọ́n dárúkọ Amy Pascal àti David Heyman tí yóò bójú tó o, wọ́n dárúkọ olùdarí, wọ́n dárúkọ Steven Knight tí yóò kọ ọ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 la wà yìí. Onílù ti dé, atọ́kùn ti dé, aṣọ ti wà nílẹ̀, wọn kò sọ ẹni tí yóò gbé e. Bí ó bá ṣe egúngún ni, yóò yé mi, a kì í bèèrè ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ojú ẹni yìí ni a fẹ́ sanwó wò!

Mo mọ̀ pé ìdádúró kì í ṣe tuntun, ọdún mẹ́fà ni a fi retí láti 1989 dé 1995 nígbà tí ẹjọ́ há iṣẹ́ náà lọ́nà. Nígbà yẹn, bí a bá dákẹ́, a dákẹ́ ni. Kò sí ẹni tó ń jí wa ní agogo márùn-ún àárọ̀ láti sọ àlá rẹ̀ fún wa. Àwọn tó ń fi gbogbo ẹnu sọ̀tẹ́lẹ̀ yìí kan náà ni ìran àwọn tó bínú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005 pé irun Craig pọ́n jù. Ó ṣe fíìmù márùn-ún, wọ́n sunkún nígbà tí Bond tó ṣe kú nínú èyí tó kẹ́yìn. (Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sórí fíìmù Bond ti ọdún 1973, tí wọ́n mú fódún tí a ń bọ nílẹ̀ wa lọ sí Jàmáíkà, tí wọ́n fi ejò àti pósí bà á jẹ́, ọjọ́ mìíràn ni n óò bá wọn yanjú ìyẹn.)

Kí ẹni tó kọ́kọ́ ya àwòrán àná yìí, níbikíbi tó bá wà láyé, dé Kétu kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Kó mú ẹ̀rọ ìgẹrun tó ń lo bátìrì lọ́wọ́. Apá òsì ló kù. Bó bá sì ń gẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni létí mi.