Ẹ fi mast sílẹ̀, ẹ fa ṣájà yẹn yọ

Ó ti sú mi. Lánàá ní Ìbarà, ẹ̀gbọ́n kan láàdúgbò wa jókòó sínú mọ́tò níwájú géètì wọn, wọ́n ń tẹ rìmóòtù títí, géètì ò mira, ni wọ́n bá nawọ́ sí mast tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ní "àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ló bà á jẹ́." Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mast yìí ti ná mi lówó rí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, àfi kí n sọ̀kalẹ̀ lọ fọwọ́ ti géètì, òjò ìbáà máa rọ̀. Ríwáyà tó wá wò ó ní mast ni, ó ní kí n ra rìmóòtù tuntun, mo rà á, pàbó. Mo pààrọ̀ bátìrì 12 volt kékeré inú ẹ̀, pàbó náà ni. Àfìgbà tó dọjọ́ kan tí mo ti pa mọ́tò kí n tó rántí tẹ̀ ẹ́, géètì gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tan mọ́tò padà, ó kọ̀, mo tún pa á, ó ṣí. Ni mo bá wo inú mọ́tò dáadáa, mo rí ṣájà USB tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ní Làfẹ́nwá, iná búlúù ẹ̀ ń tàn lójú ihò sìgá. Mo fà á yọ, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ o, mo tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan péré, géètì ṣí. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà, ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é kó tó dá mi lójú.

Ṣé mast mọ ìgbà tí mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ ni?

433.92 MHz ni wọ́n kọ sẹ́yìn rìmóòtù mi, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn ẹ̀ ń gbà lójú afẹ́fẹ́, GSM, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tó wà lórí mast, ń lo 900 àti 1800, ọ̀nà wọn jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ṣájà yẹn, 12 volt ti mọ́tò ló ń sọ di 5 volt, ó sì ń ṣe é nípa pé ó ń tan ó ń pa lẹ́ẹ̀mẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, èyí tí wọn ò bá sì fi nǹkan dí ariwo ẹ̀ dáadáa, ariwo yẹn á tú jáde, á bo ohùn rìmóòtù tó kéré tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, eríàlì géètì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Kámẹ́rà dáṣíbọ́ọ̀dù àti àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ọdún tí wọ́n gbé mast dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn náà lẹ ra ṣájà. Mo gbà pé mast tó bá sún mọ́ géètì jù lè dí i lọ́wọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pa mọ́tò ná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tan án, kí ẹ wá máa fa nǹkan yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n yẹn fa kámẹ́rà tiwọn yọ nígbẹ̀yìn. Géètì ṣí.