Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Katangua, ẹ máa lọ!

Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ sọ fáwọn èèyàn pé gbogbo òkìríkà pátá ni ₦500? Mo fẹ́ mọ onítọ̀hún. Gáùn kan ni mo gbé sórí státọ́ọ̀sì mi lánàá, gáùn aláwọ̀ ewé, aṣọ gidi, kò sí àbàwọ́n lára ẹ̀, sípù ẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo kọ ₦9,000 sí i. Kò pẹ́ rárá tẹ́nì kan fi fèsì, ẹni tí ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí o, ó kàn máa ń wò ó kọjá ni, ó ní "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta thrift yìí, olè ni yín, aṣọ tẹ́ ẹ lọ rà ní ₦1,500 ní Katangua." Ó wá fi èmójì ẹ̀rín tì í.

Mi ò dá a lóhùn. Olè kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ni mo fẹ́ bá sọ ọ́.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Katangua, ṣé mo dì yín lọ́wọ́ mú ni? Ọjà òkìríkà l'Ékòó ni, kò sá pamọ́. Ẹ bọ́ sójú títì Abẹ́òkúta, ẹ forí lé apá Abúlé-Ẹ̀gbá, ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ pé Katangua lẹ̀ ń lọ, á já yín sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi Ìpájà ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, Sátidé ni mo fi ń lọ ọjà, alẹ́ ni mo fi ń tà á lórí fóònù nígbà táwọn ọmọ bá ti sùn. Tí ilẹ̀ bá fi lè mọ́ kí n tó dé ọ̀hún, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Torí bí ọjà òkìríkà ṣe ń rìn nìyẹn. Wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé okùn ẹ̀, á dún pàù, aṣọ á wá máa wú jáde fúnra ẹ̀, òórùn yẹn á sì kọlù yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn bẹ́ẹ̀lì rí mọ nǹkan tí mò ń sọ, kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe òórùn kánfọ̀, ó wà láàárín méjèèjì. Gbogbo àwa tá a ti dúró yí i ká á wá sọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹni tó bá ṣà nínú fọ́ọ̀sì, owó gidi ló máa san, gáùn kan lè tó ₦4,000, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò tíì sẹ́ni tó tú u wò. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, èyí táwọn èèyàn ṣà kù, wọ́n á dà á sórí tápólì nílẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, "Ṣà á ní ₦500! Ṣà á ní ₦500!" Nítorí náà, ₦500 wà lóòótọ́. Ẹ wá bi mí pé ₦500 wo.

Ẹ jẹ́ ká ní mo ti ra gáùn yẹn ní ₦4,000. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa gbé e fún yín? Omi gbígbóná, ọṣẹ, iyọ̀ díẹ̀, ṣíṣàn lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn yẹn tó lọ, màá sá a, tójò bá fi lè rọ̀ lọ́jọ́ yẹn á tún máa rùn padà, àtúnfọ̀ nìyẹn. Ká má tiẹ̀ sọ ti áyọ́ọ̀nù, ẹ̀yin náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú iná wá. Bọ́tìnnì tó bá já, màá wá irú ẹ̀. Téèpù ni mo fi ń wọn àyà, ìbàdí àti gígùn ẹ̀, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára aṣọ máa ń tan èèyàn jẹ, gáùn tí wọ́n kọ 10 sí láti Amẹ́ríkà, 14 ni lọ́dọ̀ àwọn ará London, kọ́sítọ́mà á wá bínú sí mi pé ṣebí 10 lo pè é, kí ló dé tó fi tóbi báyìí, àfi bíi pé èmi ni mo rán an. Màá gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yà á níwájú, yà á lẹ́yìn, ya ibi tí àbùkù bá wà. Dátà nìyẹn, dátà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i ní January 2025 pé káwọn tó ń tà á lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó ẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, kìkì aṣọ ni, ọkọ mi ti ní òun ò mọ̀ bóyá ilé lòun ń gbé àbí wiahaósì.

Mi ò tíì dórí àwọn kọ́sítọ́mà o. Ẹni tó máa ní ẹ bá òun fi í sílẹ̀ dòpin oṣù, kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀ tán, òmíràn tó fẹ́ san owó lójú ẹsẹ̀ ti bínú lọ. Ẹni tó máa béèrè láàsì práìsì láago méjìlá òru. Ẹni tó máa pín owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí méjì kó má bàa tó ₦10,000, nítorí ₦50 tí ìjọba ń gbà lórí ẹ̀. Ẹni tó máa pa fóònù nígbà tí dísípáàṣì bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ jẹ́ n fi wọ́n sílẹ̀.

Àti pé ta ló sọ fún yín pé owó bẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan? Látìgbà tí Bùhárí ti bọ́dà pa ní 2019 ni nǹkan ò ti rí bó ṣe rí mọ́, wọ́n ṣí i ní December 2020 lóòótọ́, àmọ́ owó tó bá ti gòkè, ṣé ó máa ń sọ̀ ni? Náírà wá já wálẹ̀ ní 2023, owó epo náà fò sókè lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ tó ń kó bẹ́ẹ̀lì bọ̀ láti Kútọnu ò sì fi omi rìn. Ẹ sì jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́, òkìríkà wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ò fẹ́ kó wọlé rárá, ó wà nínú ìwé wọn. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ kan lọ́nà Ṣẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò, àwa tá a wà ní Katangua lọ́jọ́ Sátidé la máa san án. Ìjọba ní kó má wọlé, wọn ò sì sọ èyí tá a máa fi owó tíṣà rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi pé òkìríkà ń sọ Áfíríkà di ààtàn òyìnbó, mo ti gbọ́, mo rí àwọn fídíò Kantamanto, ọjà òkìríkà ti Accra yẹn náà, ẹ bá mi fi ìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ míì, ọ̀rọ̀ olè là ń sọ lọ́wọ́.

Àǹtí kan wà ní kọ́ḿpáùn wa, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, àwọn ọmọ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sá aṣọ ni wọ́n máa wá dúró tì mí, "Ìyàwó wa, èló lo fẹ́ ta èyí?" Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á káwọ́ lérí, "Háà! Ìyàwó wa, rọra o." Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn máa tẹ̀ lé mi lọ sí Katangua, káwọn fojú ara àwọn rí i. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ mà. Ẹ wo inú mi bó ṣe dùn, mo ní ó yá, kójú yín rí i.

Wọ́n wọ sálúbàtà onílẹ̀kẹ̀, wọ́n gbé báàgì lọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ ìsìn. Nígbà tí wọ́n tú bẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, wọ́n rọra nawọ́ mú bùláòsì kan, ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn ti gba abẹ́ apá wọn wọlé, ó ti fà á yọ lọ́wọ́ wọn, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣó ò rí mi ni?" Ta ni wọ́n ń bá wí? Ọmọ yẹn ti dédìí bẹ́ẹ̀lì kejì. Píọ́ wọ́tà ni wọ́n ń mu ṣáá. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ọ̀kan dì mú, òógùn ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti gbẹ mọ́ abẹ́ apá ẹ̀. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Kí n má purọ́, mo ti ń ro bí mo ṣe máa kọ ọ́ síbí.

Nígbà tó dọ̀sán, mo ti ṣà tèmi tán, mo ti kó o sínú Gáná-mọ́ọ̀sì-gò, mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ mà. Wọn ò dáhùn. Wọ́n ti lóṣòó síwájú tápólì ₦500.

Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n kọ́ kí wọ́n tó lọ́kọ, ojú tó ń dùn wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn ò wo àwọ̀, wọn ò wo lébùlù. Inú aṣọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an, wọ́n á fìka méjì pa aṣọ náà lára, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Òmíràn. Òmíràn. Ìgbà tó yá wọ́n fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ, ó láwọ̀ eérú, bọ́tìnnì ẹ̀ kan ò sí, láínìn ẹ̀ ti ya lápá. Mo mọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Gbogbo wa la ti fọwọ́ kàn án láàárọ̀, tá a jù ú sẹ́yìn. Wọ́n ní "Líńẹ̀nì nìyí. Wo ojú rírán ẹ̀." Wọ́n san ₦500. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n rán láínìn yẹn lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n pààrọ̀ gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ sí dúdú, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá rí i á ní ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́ láti London. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà, ₦18,000 ni màá kọ sí i, á sì lọ kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má sọ pé wọ́n borí mi o. Ẹyọ kan ni wọ́n rí látàárọ̀, tèmi kún báàgì. Orúnkún dùn wọ́n débi pé róòbù ni wọ́n fi ra á, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ nìkan ti ju owó jákẹ́ẹ̀tì lọ. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni wọ́n rí.

Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì tá à ń bọ̀, wọ́n ní nígbà táwọn ń tọ́mọ, inú òkìríkà ni gbogbo aṣọ àwọn ọmọ wọn ti wá, tilé tòde, iye tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn ló fi máa rà á. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò kiri yìí lẹ sọ ọ́ dọjà olówó. Ẹ ti kó gbogbo ojúlówó ẹ̀ lọ kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ tó jí." Mo fẹ́ sọ pé náírà ni, pé bọ́dà ni, pé ẹni tó ni bẹ́ẹ̀lì ló ń gbé owó lé e. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti ń ya gáùn kan fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà kí n tó béèrè iye ẹ̀, ọ̀gá tó ń tà á kọ́kọ́ wo fóònù ọwọ́ mi ná kó tó lanu. Obìnrin kan tó pọnmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, irú gáùn kan náà ló dì mú. Bó ṣe gbọ́ iye tí wọ́n pè fún mi, ó gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Kò tiẹ̀ ná an.

Ìyẹn ò sọ mí dolè ṣá. Mo san owó mi, mo fọ aṣọ mi. Mi ò kàn ráyè gbàgbé obìnrin yẹn ni.

Ó wá di Mọ́ńdè, àǹtí kanlẹ̀kùn. Wọ́n láwọn ò lè lọ Katangua mọ́ láéláé, ara ò gbà á, kí n máa bá àwọn rà á tí mo bá lọ. Wọ́n ti kọ ìwọ̀n wọn sára páálí, àyà 44, gígùn 48. "Iye tó o bá rà á, màá fi ₦1,000 lé e fún ẹ, ìyàwó wa, ṣó dáa bẹ́ẹ̀?" Inú kan ni wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀, lójú tiwọn wọ́n ń ṣe mí lóore ni. ₦1,000 o! Fífọ̀ àti áyọ́ọ̀nù wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti débẹ̀, wọ́n ti gbọ́ òórùn ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ti já aṣọ gbà lọ́wọ́ wọn, ₦1,000 náà ni wọ́n ṣì pe gbogbo ẹ̀.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n rò ó mà. Sátidé ti ń bọ̀, mi ò tíì rò ó tán. Tí mo bá gba ₦1,000, mo ń fi ara mi tọrẹ nìyẹn. Tí mo bá ní kí wọ́n fi ₦5,000 lé e bíi tàwọn yòókù, mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n nídìí kànga láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn? Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n bá wọn rà á lọ́fẹ̀ẹ́ o, torí mo mọ àwọn tó máa sọ ọ́, àwọn náà ló ń béèrè láàsì práìsì lóru.