Èsì ilé oúnjẹ wa sí àǹtí tó fún ìkọ́kọrẹ́ ní ìràwọ̀ kan nítorí ẹ̀bà tútù

Àǹtí wa, ẹ kú ọdún, ẹ sì ṣeun tí ẹ rajà lọ́wọ́ wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ, a sì ti wo àwọn fọ́tò tí ẹ fi sí i. Ẹ ní ẹ̀bà tí a gbé wá fún yín tutù nini. Ẹ ní ìkọ́kọrẹ́ wa, ìyẹn ewùrà rírin tí a sè pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ata, kún fún kókó, bíi pé ẹni tí kò mọ oúnjẹ í sè ló sè é. Ẹ ní ó yún yín lọ́fun, ẹ wá fi kún un pé ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín kí oúnjẹ tó dé. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. A ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò jẹ ìkọ́kọrẹ́ rí ló ń ka ibí yìí kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa ra oúnjẹ alẹ́, àwọn la sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ fi lẹ́tà ńláńlá kọ. Ẹ̀bà tútù ni wọ́n fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní Ìjẹ̀bú. Ẹnikẹ́ni ò gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ̀bà tí ẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2025, alẹ́ Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde, gan-an, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń tẹ̀bà fún wa ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Gàrí Ìjẹ̀bú ló fi ṣe é, èyí tó kúnná, tó gbẹ, tó sì kan, tí gbágùúdá rẹ̀ ti wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó yan án. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí gàrí tó kàn án. Ẹ̀bà tí a máa jẹ ní tútù, a máa ń jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti ẹ̀bà tí a fẹ́ jẹ lójú ẹsẹ̀, torí bó bá ṣe ń tutù ló ń le. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ le láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti le kankan. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán ni a ń dì í sínú ọ̀rá, kí afẹ́fẹ́ má bàa mú ojú rẹ̀ gbẹ kó sì ya èèpo. Tí ẹ bá tú ọ̀rá yín, tí ẹ wo ara ẹ̀bà náà, ẹ ó rí i pé ó ń dán, kò sí èèpo gbígbẹ kankan lára rẹ̀. Ẹ̀bà tí wọ́n pa tì kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tútù? Ìkọ́kọrẹ́ fúnra rẹ̀ gbóná, ó rọ̀, ó sì ń fà. Tí ẹ bá fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ ẹ́, méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra lẹ́nu, ẹ ò ní mọ èwo ni òkèlè, èwo ni ọbẹ̀. Ẹ̀bà tútù ló ń dúró lọ́wọ́. Ẹ ó bù ú, ẹ ó tẹ àárín rẹ̀ wọlé, ẹ ó fi gbé ìkọ́kọrẹ́. Gbígbóná á pàdé tútù, kíkan gàrí á pàdé ata àti epo. Torí ẹ ló ṣe jẹ́ pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi, tó bá ti ń ṣe wọ́n láti jẹ ìkọ́kọrẹ́ láago 1 òru, ẹ̀bà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ewùrà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀bà gbígbóná, kò dẹ́ṣẹ̀. Kó ṣáà sọ fún wa lórí fóònù. Ìṣẹ́jú 5 ni yóò gbà wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kókó. Àǹtí wa, kókó tí ẹ ń bínú sí yẹn gan-an ni ìkọ́kọrẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní kókó, àṣìṣe ló jẹ́.

Ewùrà la fi ń sè é, kì í ṣe iṣu tí wọ́n fi ń gúnyán. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rin ín lára páànù oníhò, níbi tí ihò rẹ̀ ti kéré. Ìyá tó ń rin ewùrà fún wa máa ń fi epo pupa pa ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí oje ewùrà tútù máa ń yún èèyàn lára. Ẹ má fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ o. Bílẹ́ńdà ò ní yí tí ẹ ò bá bu omi sí i, omi yẹn ló sì máa bà á jẹ́: kò ní dì, yóò tú sínú ọbẹ̀, gbogbo ìkòkò á kàn ki, á máa fà. Ẹ ó kàn wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ rin, pẹ̀lú ata lílọ̀ ìwọ̀nba. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa hó kí ẹ tó parí rírin, torí tí ewùrà rírin bá pẹ́ nílẹ̀, atẹ́gùn á sọ ọ́ di dúdú. Àwọn tó ń rin ín sílẹ̀ láti àárọ̀ kí iṣẹ́ lè yá lálẹ́ ni ìkọ́kọrẹ́ wọn máa ń dúdú. Ẹ wo àwọ̀ tiwa nínú fọ́tò yín.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni ẹ ó fi máa bù ú díẹ̀ díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ìka mẹ́ta péré, kó máa bọ́ yíká inú ìkòkò. Ẹ má rò ó. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ara èèyàn kì í balẹ̀, wọ́n á ti ṣíbí bọ̀ ọ́ nígbà tí kò tíì dì, yóò sì fọ́ pátápátá. Ẹ dé ìkòkò, ẹ dín iná kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tí kókó bá ti dì, tí epo ti wọ inú rẹ̀, ẹ wá fi ṣíbí onígi yí i pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí díẹ̀ fọ́ kí díẹ̀ ṣẹ́kù. Èyí tó fọ́ ló ń mú ọbẹ̀ ki. Èyí tó ṣẹ́kù leyín ń wá.

Àsìkò tún wà níbẹ̀. Ewùrà tuntun tó ń jáde lóko nígbà ọyẹ́ lómi nínú. Tí a bá rin ín, a máa ń fi í sínú asẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí omi rẹ̀ jò, àwọn mìíràn sì ń fi gàrí díẹ̀ mú un dì. Ewùrà oṣù kẹfà ti pẹ́ nílẹ̀, ó ti hù lórí, ó ti gbẹ. Kódà ṣíbí omi méjì tàbí mẹ́ta la ń wọ́n sí òun kó tó ṣeé bù. Torí náà, ìkọ́kọrẹ́ Iléyá inú oṣù kẹfà á le díẹ̀ lẹ́nu ju èyí tí ẹ bá jẹ nígbà Kérésì lọ. Ẹni tó bá mọ ewùrà á gbádùn méjèèjì.

Ẹ wá ní ó yún yín lọ́fun. Ewùrà tí kò jinná máa ń yún èèyàn lóòótọ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate tó wà nínú rẹ̀ ló ń fà á, iná ló sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ètè àti ahọ́n ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, láti òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ sì lè dá a mọ̀ lójú: ẹ la kókó kan sí méjì, tí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun gbòò tó sì ń ṣe hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ lẹ́nu, kò tíì jinná. Èyí tó jinná, epo ti wọ̀ ọ́ dé àárín. Kókó tí ẹ fúnra yín là sí méjì nínú fọ́tò kejì pupa dé inú, a bẹ gbogbo ẹni tó ń kà á kí wọ́n wò ó. Abọ́ méjì ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà mẹ́rin lẹ rà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé ìtura. Nínú fọ́tò kẹta, abọ́ méjèèjì ti mọ́ fónífóní, egungun ẹja ló kù. Ẹni tó bá jẹ epo, rodo àti ẹ̀bà tó báyìí ní ọ̀gànjọ́ òru, tó wá na gbalaja lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ lè máa ru bọ̀ sókè, ọ̀fun á sì máa ta á. Ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó sùn, tàbí kí ẹ fi abọ́ kejì sílẹ̀ di àárọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì tiẹ̀ dùn ju ti alẹ́ lọ lẹ́nu àwọn kan. Ṣíbí omi méjì, iná kékeré, ẹ dé e, ẹ má rò ó.

Ẹja kéré lẹ wí, ìdajì ìlà lẹ fi wí i, àwa náà ò ní sọ púpọ̀: ẹja àrọ̀ yíyan kọ̀ọ̀kan ló wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí pọ̀nmọ́ àti edé. Egungun inú fọ́tò jẹ́rìí.

Ti pé oúnjẹ pẹ́. Agogo 10:47 lẹ pè wá, agogo 11:52 ni ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà wa dé gééti ilé ìtura yín. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni o. Gbogbo ẹni tó bá wá wo Ojúde Ọba rí mọ bí ọ̀nà ààfin Awùjalẹ̀ ṣe ń rí lálẹ́ ọjọ́ náà, àríyá ìdílé ń lọ lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò ò ráàyè kọjá. Ọmọ náà dé tán, ẹ ò sọ nọ́ńbà yàrá yín fún wa, ó ń pe fóònù yín, fóònù ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èyí náà wà nínú wákàtí kan tí ẹ kà sí wa lọ́rùn. A kì í se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ kí a máa gbé e kaná fún oníbàárà bó bá ṣe ń dé, torí tó bá tutù ó máa ń dì gan-an, omi tí a bá sì ń fi gbé e kaná léraléra ni yóò tú kókó rẹ̀. Láti orí bíbó ewùrà dé orí kí a gbé e kalẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ni, ẹnikẹ́ni tó bá gbé e fún yín ní ìṣẹ́jú 10, ti ọ̀sán ló fún yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ sì fẹ́ sè é fúnra yín lóru: fún ewùrà kílò kan, ẹ wá omi ẹran tàbí omi ẹja ife 3, epo pupa ṣíbí ìbubẹ̀ 2, tàtàṣé 2, rodo 3, àlùbọ́sà ńlá 1, edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 2, irú díẹ̀, pọ̀nmọ́ tí ẹ ti bọ̀ kó rọ̀, àti ẹja yíyan tí ẹ ti fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀. Ẹ lọ ata àti àlùbọ́sà, ẹ dà á sínú omi ẹran pẹ̀lú epo, kó hó fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó bu ewùrà sí i. Ìgbẹ̀yìn ni ẹja ń wọ̀ ọ́, kó má bàa fọ́. Tí ọbẹ̀ bá ti ki kí ewùrà tó wọ̀ ọ́, omi ẹ kéré, yóò jóná nísàlẹ̀.

Àǹtí wa, a ò ní dá owó padà lórí oúnjẹ tí ẹ jẹ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún wọ ìlú, ẹ wá jẹ abọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀bà tó ń yọ ooru. Tí ẹ bá ní kí a fọ́ gbogbo kókó rẹ̀, a ó fọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá tó ń dáná á kọ́kọ́ bi wá bóyá ara oníbàárà náà yá. Kúlà búlúù tí a fi gbé oúnjẹ náà wá ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa fà á lé ẹni tó wà ní gééti ilé ìtura lọ́wọ́, ọmọ wa á wá gbà á, ideri rẹ̀ náà o.