Fọ́ọ̀mù tí aláìsàn fọwọ́ sí kọ́ ni ìyọ̀ǹda

“Ó ti fọwọ́ sí i, kò sóhun tó lè fi wá ṣe mọ́.” Wọ́ọ̀dù wo lẹ máa dé ní Ìlọrin, ní Ọ̀ffà tàbí ní Òmù-Àrán tẹ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Àwọn ará ilé aláìsàn pàápàá gbà á bẹ́ẹ̀, pé téèyàn bá ti tẹ̀ka sí ìwé tíátà, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ti fi ẹjọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Irọ́ yìí ló sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa mú báírò sáré kiri wọ́ọ̀dù nígbà tó yẹ kó fa àga, kó jókòó, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní apá 23, kò bá fọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ìlera jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò tí ara rẹ̀ wà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú oríṣiríṣi tó wà, àǹfààní, ewu, iye owó àti ohun tó lè tẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ. Kó tún sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tó bá kọ̀. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, lọ́nà tó bá bó ṣe mọ̀wé mọ mu. Ẹ ò rí i pé owó wà nínú rẹ̀? Àwọn tó ń ka ewu bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn kì í rántí owó, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ni ẹbí á fi gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn jíròrò.

Nítorí náà, fọ́ọ̀mù jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ kan wáyé. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá wáyé, ẹ̀rí kí ló fẹ́ jẹ́? Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n gbàgbé aṣọ sínú ikùn aláìsàn ní tíátà, fọ́ọ̀mù ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: iṣẹ́ abẹ ló yọ̀ǹda fún, kò yọ̀ǹda fún àìbìkítà. Ó sì wà lódìkejì náà. Ẹni tó ká ọwọ́ aṣọ sókè fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀ ti yọ̀ǹda, kò sí ìwé níbẹ̀.

Irọ́ kan tún so mọ́ èyí, pé ọkọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún ìyàwó. A ò bá àṣà jà. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́ kí òun tó dáhùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí wọ́n tètè pe ọkọ lórí fóònù. Àmọ́ obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún 18, tí orí rẹ̀ sì pé, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ìpinnu wà. Ìgbà tí aláìsàn ò bá lè pinnu, bóyá ó ti dákú tàbí àìsàn ti da orí rẹ̀ rú, ni òfin 2014 dárúkọ àwọn ẹlòmíì: ọkọ tàbí aya lákọ̀ọ́kọ́, tí kò bá sí, òbí, òbí àgbà, ọmọ tó ti dàgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Kí wọ́n wá ní kí aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n ṣe é, máa dúró de ọkọ tó ṣì wà lọ́nà Bódè Sáàdú, òfin kọ́ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin sọ, ní apá 20, ni pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ọsibítù ò gbọ́dọ̀ torí ìdí èyíkéyìí kọ̀ láti fún èèyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì; ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 owó ìtanràn, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kó rí méjèèjì.

Ẹ wá wo ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ gan-an. Aboyún wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọbí ń mú un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Dókítà ti ní CS ni, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé fọ́ọ̀mù dé, ó fi ìka han ojú ìlà: “Ẹ fọwọ́ síbí, mà.” Obìnrin náà á fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá gbé ìwé tí wọ́n fi fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀ síwájú rẹ̀ lásìkò yẹn, á fọwọ́ sí ìyẹn náà.

Ohun tó yẹ ká kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó dákẹ́ nígbà tí ìrọbí bá mú, kó sọ gbólóhùn kan tàbí méjì nígbà tó bá dẹ̀, kó tún dákẹ́. Ìdí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ: “Ìlù ọkàn ọmọ ti ń falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.” Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: “A máa gún yín lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín á kú fúngbà díẹ̀, ẹ ò ní sùn. A máa la ìsàlẹ̀ ikùn, ká gbé ọmọ jáde.” Ewu rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ojú abẹ lè kẹ̀, orí lè máa fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, àpá tó wà lára ilé-ọmọ sì lè mú kí oyún míì gba ìṣọ́ra. Kó wá sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é, àti iye tó máa ná wọn. Tó bá fẹ́ sọ bí ewu kan ṣe wọ́pọ̀ tó, kó sọ pé nínú 100 obìnrin tí wọ́n ṣe é fún, iye báyìí ló máa ń ṣe, kó sì lo iye tó wà nínú ìwé ọsibítù tó wà gan-an. “Kì í sábà ṣẹlẹ̀” lè jẹ́ ẹyọ kan nínú 100 létí ẹnì kan, kó jẹ́ “kò lè ṣẹlẹ̀ rárá” létí ẹlòmíì. Gbogbo àlàyé yìí ò ju àlàfo ìrọbí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ká má purọ́, kílíníkì aboyún ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, nígbà tí ara ṣì rọ aboyún lọ́rùn, tí ọkọ náà lè tẹ̀lé e wá.

Ìbéèrè tí kò wúlò jù lọ ní wọ́ọ̀dù ni “Ṣé ó yé yín?” Ta ló máa wo aṣọ funfun lójú kó ní kò yé òun? “Ó yé mi, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe.” Ọ̀wọ̀ nìyẹn. “Ohun tẹ́ ẹ bá ti ní ká ṣe náà ni” ò sì yàtọ̀ sí i. Dókítà á ní “Ọlọ́run á fọwọ́ sí i,” aláìsàn á ní “Àmín,” akẹ́kọ̀ọ́ á lọ kọ ọ́ sínú káàdì pé aláìsàn ti gbà. Àdúrà ló gbà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹrù náà sórí ara rẹ̀: “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa ni, mà. Tí bàbá wọn bá pè yín báyìí, kí lẹ máa sọ fún wọn pé a fẹ́ ṣe?” Ibi tí ìdáhùn bá ti wọ́, ibẹ̀ nìkan ni kó padà sí, kó fi ọ̀rọ̀ míì sọ ọ́, kó tún béèrè. Tó bá jẹ́ èdè ni kò jẹ́ kó yé e, bóyá ará Pàtégi tó ń sọ Nupe tàbí Fúlàní tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè náà. Ọmọ ọdún 12 kọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé-ọmọ ìyá rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ tún ní àrùn tirẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú. “C/S + BTL” ni wọ́n kọ. Obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ òun jáde. Kò mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn ni pé wọ́n máa di ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, kó má lóyún mọ́. Ó lè máa wá oyún kiri fún ọdún mélòó kan kẹ́nì kan tó ka káàdì yẹn fún un. Ìwé wà, ìfọwọ́sí wà, ìyọ̀ǹda ò sí. Iṣẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ní àlàyé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe nígbà tí ìrọbí ń lọ lọ́wọ́. Àwọn yòókù ò gba àlàyé púpọ̀: fọ́ọ̀mù òfìfo tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí kí wọ́n tó kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ sí i, ìfọwọ́sí tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí oògùn ìrora bíi pentazocine tàbí oògùn oorun bíi diazepam ti wọ ara, fọ́ọ̀mù tí kò ní aago. Ní ti ẹni tó tẹ̀ka, kí ẹni tó kà á fún un kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ àti èdè tó fi kà á, kó sì kọ ọ́ pé òun ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Láìsí èyí, agbẹjọ́rò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tú fọ́ọ̀mù náà palẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú, ló sì yẹ kó ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí iṣẹ́ abẹ náà rí, kí ló fẹ́ sọ tí aláìsàn bá béèrè ọ̀rọ̀?

Bá a ṣe lè fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò rèé. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ ní kí ẹnì kan ṣe aláìsàn, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, “Ó yé mi, sà” ni kó fi dáhùn, àyàfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá dé ibẹ̀, kó ṣì í sọ níbì kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ máa gbá a mú. Nínú máàkì 20, ẹyọ kan péré ni kí ìfọwọ́síwèé gbà. Kí ṣíṣe àtúnṣe àṣìsọ yẹn gba 5, kí sísọ fún aláìsàn pé ó lè kọ̀ gba 4. Ibi tí máàkì bá wà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé sí. Àwọn tí Yunifásítì Ìlọrin ń rán lọ sáwọn ìlú kéékèèké lábẹ́ COBES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera fi ń kọ́ṣẹ́ láàárín ará ìlú, láǹfààní gidi níbí, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá pàdé níbẹ̀ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sá pamọ́ sí.

Ìyọ̀ǹda fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó gbà pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fóun kò gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún máa tọwọ́ bọ ojú ara òun lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí oògùn ti gbé òun sùn. Kí wọ́n béèrè kí ó tó sùn, tó bá ní rárá, rárá ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jù ni kí aláìsàn kọ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti dá irú ẹjọ́ yìí lọ́dún 2001. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá dókítà wí ní kí dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Okonkwo, má ṣiṣẹ́ fún oṣù 6. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sì fara mọ́ ọn, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Ìwé “mo gba ara mi sílẹ̀ lọ́sibítù,” tí ẹni tó kọ ìtọ́jú ń fọwọ́ sí kó tó lọ sílé, náà ò sàn ju fọ́ọ̀mù tíátà lọ tí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdí tí aláìsàn fi kọ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ewu tí wọ́n sọ fún un, ìtọ́jú míì tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, oògùn tí wọ́n fún un mú lọ sílé, àmì tó bá rí tó gbọ́dọ̀ fi padà wá, àti nọ́ńbà fóònù wọ́ọ̀dù tó lè pè lóru.